Dáìsì méje tí mo rà fún D&D, ẹ gbọ́ o

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwa mẹ́rin la máa ń ta Dungeons & Dragons (eré tá a ti ń ṣe bí akọni inú ìtàn, tí dáìsì ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀) n'Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́ Sátidé, ni mo bá ra dáìsì tiwa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó tà á sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ló máa dé, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń pè é.

Ó dé ṣá. Àwọ̀ ẹ̀ rẹwà, àmọ́ nọ́ńbà ara olójú 20, èyí tá a máa ń jù láti mọ̀ bóyá idà ẹni bá ọ̀tá, kéré débi pé tí wọ́n bá ti múná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń kà á. Èyí tó wá dùn mí jù, mo da iyọ̀ púpọ̀ sómi nínú ife tí mo fi ń mu gaàrí, mo ju olójú 20 yẹn síbẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá apá kan wúwo ju ìkejì lọ, ó léfòó, mo fìka tì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 3 ló yọ sókè lẹ́ẹ̀méje. Háà! Abájọ tí idà mi kì í ba ẹnì kankan!

Ọgbọ́n tí mo wá ń dá báyìí, oṣó ni mò ń ṣe nínú eré náà, Sleep, ọfọ̀ tó ń mú ọ̀tá sùn, ni mò ń lò. Nínú ìwé òfin eré náà ti 2014, tẹ́ ẹ bá ṣì wà ní ìpele kìíní, dáìsì olójú 8 márùn-ún lẹ máa jù, àpapọ̀ ẹ̀ sábà máa ń tó bíi 22, iye ẹ̀mí ọ̀tá tí ọfọ̀ náà lè mú sùn nìyẹn, ẹ̀mí 7 péré sì ni goblin (ọ̀tá kékeré kan nínú eré náà) kan ní, mẹ́ta lè sùn lọ fọnfọn lẹ́ẹ̀kan, olójú 20 ò sì dá sí i rárá. Ìjẹ̀bú ni mí jàre, owó mi ò lè ṣòfò.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, ọ̀kan fún àwọ̀, ọ̀kan fún olójú 8.