Ìyẹ̀fun oúnjẹ ọ́kíìdì inú ìgò: ó ṣiṣẹ́ fún mi, àmọ́ ẹ ṣọ́ omi tẹ́ ẹ máa fi pò ó

Ilé ìdáná mi n'Íbàdàn ni mo ti ń lo ìyẹ̀fun yìí láti tọ́ ọmọ ọ́kíìdì, òdòdó tí òyìnbó ń pè ní orchid, nínú ìgò, kì í ṣe ní láàbù. Àpò kan ń ṣe lítà kan. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ohun tó wù mí jù ni pé àwọn tó ṣe é ò ki oúnjẹ bọ ọmọ lẹ́nu jù. Ìlànà tí Murashige àti Skoog, àwọn onímọ̀ nípa ewéko, gbé jáde ní 1962 ni wọ́n tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n tábà ni àwọn yẹn ń tọ́, iyọ̀ tí wọ́n sì ń lò fún un pọ̀: potassium nitrate gíráàmù 1.9 àti ammonium nitrate 1.65 nínú lítà omi kan. Orí igi ni ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì ń gbé, ìwọ̀nba ohun tí òjò bá fọ̀ lára èèpo igi ni wọ́n ń rí jẹ. Àwọn tó ṣe ìyẹ̀fun yìí dín iyọ̀ náà kù sí ìdajì. Wọ́n tún fi eédú sí i, tó ń fa oje dúdú tí gbòǹgbò máa ń tú jáde.

Ṣúgà ló bí mi nínú. Hóró ọ́kíìdì kò fi bẹ́ẹ̀ ní oúnjẹ nínú; Knudson, onímọ̀ nípa ewéko, ló fi hàn ní 1922 pé ṣúgà lè ṣe iṣẹ́ tí olú inú igbó ń ṣe fún un. Ẹ wá wo àpò náà níwájú lẹ́yìn, wọn ò kọ ọ́ bóyá ṣúgà wà nínú rẹ̀! Àfìgbà tí mo kọ̀wé sí olùtà kó tó sọ pé ó wà, kí n má fi kún un mọ́.

Ní ti omi, ẹ má lo ti bọ́ọ̀hóòlù. Tiwa ń fi ẹfun sára kẹ́tù, ó sì gbé pH, òǹkà tá a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, kọjá 6, nígbà tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 5.6. Omi dísítílì ni mo ń rà. Àgà, ohun tó ń mú kí oúnjẹ náà dì, tó wà nínú ìyẹ̀fun náà sì tún pọ̀ díẹ̀: bó bá ti dì tán, ó le gan-an, gbòǹgbò á kàn máa rákò lórí rẹ̀ láì wọlé, ewé á sì máa rọ nígbà tí omi wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ń fi omi àgbọn díẹ̀ lé lítà náà, ìyẹn sì ti dẹ̀ ẹ́.

Ẹ má retí pé yóò bá yín ṣe tìta o, ìyẹn ìgbà tẹ́ ẹ bá yọ ọmọ náà kúrò nínú ìgò. Ewé tó dàgbà nínú ọ̀rinrin ìgò kò ní ìda tó lára, nylon lẹ máa fi bò ó níbẹ̀rẹ̀.

Lásìkò òjò, àpò tẹ́ ẹ bá ti já á dì gbagidi bí iyọ̀. Ká ní wọ́n ń ta àpò ìdajì lítà ni, ìràwọ̀ karùn-ún ì bá jẹ́ tiwọn.