Nọ́ḿbà VAT tí wọ́n kọ sórí íńfọ́ìsì yẹn, ṣé òótọ́ ni? Ti ọ̀fẹ́ àti ti olówó, èwo ni kẹ́ ẹ mú

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣòwò nílùú ọba, ẹ pọ̀ tẹ́ ẹ ń bi mí pé ápù wo lẹ lè rà tí á máa bá yín yẹ nọ́ḿbà VAT wò. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tójú mi rí. Mo ra ọjà £2,400 lọ́wọ́ ẹnì kan, ó fi VAT 20% lé e, ìyẹn £480, nọ́ḿbà wà lórí íńfọ́ìsì rẹ́kírẹ́kí, mo tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ápù kan tí mo ń sanwó fún lóṣooṣù, ó ní "valid", ọkàn mi bá balẹ̀. Ìgbà tí akáńtáǹtì mi fẹ́ gba £480 yẹn padà ló tó hàn pé bàbá náà ti kúrò nínú VAT tipẹ́. Owó wọgbó nìyẹn. Ápù yẹn ò kúkú parọ́ o, ohun tó wò ni bóyá nọ́ḿbà náà tò bó ṣe yẹ kó tò, kò bi ìjọba léèrè rárá.

Torí náà kẹ́ ẹ tó wo iye tí wọ́n ń tà á, ẹ mọ̀ pé oríṣi méjì ló wà: aṣírò, tó kàn ń ṣe ìṣirò lórí nọ́ḿbà, àti èyí tó ń lọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba tó ni ìwé orúkọ.

Aṣírò ò le. Nọ́ḿbà GB, ti ìlú ọba, jẹ́ ẹyọ mẹ́sàn-án. Ẹ mú méje àkọ́kọ́, ẹ fi 8 táìmù ẹyọ kìíní, 7 táìmù ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé 2, ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ wá máa yọ 97 níbẹ̀ títí tó fi máa wọ gbèsè, iye gbèsè yẹn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tó gbẹ̀yìn (àwọn nọ́ḿbà tuntun, wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi 55 kún un). Ẹ wo 123 4567 82: àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 112, yọ 97 ó ku 15, yọ 97 sí i ó jẹ gbèsè 82. Ó pé! Bẹ́ẹ̀ orí àga mi ni mo jókòó sí tí mo hun ún. Iṣẹ́ tí aṣírò mọ̀ ọ́n ṣe ni kó mú kọ́sítọ́mà tó ṣi nọ́ḿbà tẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù yín, ìyẹn náà sì dáa, àmọ́ python-stdnum, kóòdù kan, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó tiẹ̀ lè bá yín bi VIES (ibi tí wọ́n ti ń yẹ nọ́ḿbà VAT ilẹ̀ Yúróòpù wò), ẹni tó ń bá yín ṣe wẹ́bùsáìtì á mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ra aṣírò.

Àwọn tó ń lọ béèrè wá ńkọ́? Fún nọ́ḿbà GB, ojúewé HMRC, àjọ owó orí ìlú ọba, lórí GOV.UK ni tèmi, ọ̀fẹ́ ni, á gbé orúkọ àti àdírẹ́sì jáde kẹ́ ẹ fi wé ti íńfọ́ìsì, tẹ́ ẹ bá sì fi nọ́ḿbà VAT tiyín náà sí i, wọ́n á fún yín ní nọ́ḿbà ẹ̀rí pé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ tọ́jú ẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú rìsíìtì. Wàhálà ẹ̀ ni pé lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ máa tẹ̀ wọ́n, API (ọ̀nà tí sọ́fútíwià yín fi lè máa bi HMRC fúnra ẹ̀) wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ o, àmọ́ ó gba ẹni tó mọ kóòdù.

VIES ni ti ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀fẹ́ lòun náà. Láti 1 January 2021 nọ́ḿbà GB ò sí níbẹ̀ mọ́, àfi ti Northern Ireland tó ń fi XI bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ tí ẹ bá tẹ GB síbẹ̀ tí kò jáde ẹ má lọ bá oníbàárà jà. Ẹni tó wà ní London tó bá ilé-iṣẹ́ kan ní Dublin ṣe wẹ́bùsáìtì, ibẹ̀ ló ti máa yẹ nọ́ḿbà IE wọn wò kó tó kọ íńfọ́ìsì tí kò ní VAT. VIES fúnra ẹ̀ ò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ṣe ló ń sáré lọ bi orílẹ̀-èdè tó ni nọ́ḿbà, tí kọ̀ǹpútà tiwọn bá ti kú lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní rí èsì gbà. Jámánì kì í jẹ́ kẹ́ ẹ rí orúkọ àti àdírẹ́sì, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" nìkan ni. Gíríìsì, EL ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe GR, èyí ti dà mí láàmú rí. Èyí tó dùn mí jù ni pé VIES náà ń fúnni ní nọ́ḿbà ẹ̀rí, àmọ́ wọn ò gba nọ́ḿbà GB lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè, àwa ará London á kàn ya fọ́tò ojúewé náà pẹ̀lú déètì ni.

Ó wá ku àwọn olówó. Ibi kan náà ni wọ́n ti ń pọnmi o, ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún ni pé ẹ lè da ọgọ́rùn-ún nọ́ḿbà sí i lẹ́ẹ̀kan, kó wọnú sọ́fútíwià yín, kó máa tọ́jú àkọsílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń fi Stripe gbowó, ẹ wo inú ẹ̀ ná, ó ń yẹ nọ́ḿbà GB àti ti Yúróòpù wò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè: ṣé ojú ẹsẹ̀ ló ń béèrè àbí èsì àná ló ń kó fún mi? Tí VIES ò bá dáhùn, kí ló máa kọ? Èyí tó bá kọ "invalid" síbẹ̀ dípò kó ní òun ò rí èsì, ẹ sá fún un, á lé kọ́sítọ́mà gidi lọ fún yín. Ṣé á fi nọ́ḿbà ẹ̀rí HMRC lé mi lọ́wọ́? Lójú tèmi, ẹni tí íńfọ́ìsì ẹ̀ ò ju ogún lọ lóṣù, ti ọ̀fẹ́ tó o. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ń ra nǹkan níbẹ̀ tòru tọ̀sán, kó lọ sanwó. Èmi ti fagi lé ti oṣooṣù yẹn, HMRC ni mò ń tẹ̀ báyìí kí n tó fi owó ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni.