Jẹ́bà Létí Odò Ọya: Afinimọ̀nà Kan Jẹ Owó Wa, Bàbá Rélùwéè Kan Sì Gba Ọjọ́ Náà Là

Ká ní ọmọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní afinimọ̀nà yẹn ṣe ìdajì ohun tó gbowó lé lórí ni, bóyá mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni mo san sí àkáǹtì rẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Àdéhùn wa ni pé yóò fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé èmi àti àbúrò mi dé ẹsẹ̀ òkúta gàgàrà tó dá dúró sínú Odò Ọya, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Juju Rock, yóò mú wa dé erékùṣù, yóò sì fi àwọn ère idẹ àtijọ́ àwọn Tápà hàn wá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la fẹnu kò sí. Oòrùn ti kan àtàrí kó tó yọ sí wa, gúgúrú lẹ́nu.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú, fóònù mi ló kú."

A tẹ̀ lé e dé etí odò. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀, okùn rẹ̀ ti já, ẹni mẹ́rin la sì fẹ́ wọ ọkọ̀ náà. Mo béèrè àwọn yòókù. Ó ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni lórí omi. Mo ní lóòótọ́ ni, òun náà ló fún wa lójú tí a fi ń wo ọkọ̀ ká tó wọ̀ ọ́. Ó tún ní epo ti gbówó lórí, ká fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Mo ní kó dá owó wa padà. Ó ní ó ti wà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Mo yíjú sí ọlọ́kọ̀, ó ní òun ò rí kọ́bọ̀. Ni àwọn méjèèjì bá kó èdè Tápà bolẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn. Àbúrò mi ti ń ká apá aṣọ, èmi ni mo dì í mú.

Ti ère idẹ ló dùn mí jù. "Wọ́n ti gbé wọn lọ, Àǹtí mi." Ṣé òní ni wọ́n gbé wọn lọ? Àwọn Tápà ní Tsoede, ẹni tí wọ́n ní ó dá ìjọba wọn sílẹ̀, ló kó àwọn ère yẹn wá láti Ìdah. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, ọkùnrin tó jókòó, tí wọ́n bá ní Táda, abúlé kan létí Odò Ọya, Èkó ló wà, lọ́wọ́ mùsíọ́mù ìjọba. Kí ló wá ń gbowó ìwòran fún?

Etí odò la ti wo òkúta náà lókèèrè. Nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe wá. Lọ́dún 1857, Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ Dayspring gòkè odò yìí pẹ̀lú Baikie, òyìnbó tó ṣáájú ìrìn àjò náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ọkọ̀ náà forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì bàjẹ́ pátápátá. Etí odò ni wọ́n pàgọ́ sí. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù. A gun ọ̀kadà gba orí afárá lọ sí erékùṣù, a wo òpó ìrántí tó wà níbẹ̀: Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tó tọ ipa Odò Ọya, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún. Mi ò rí orúkọ Àjàyí níbi kankan. Inú bí mi síi.

Bínú-bínú la dé tẹ́ṣàn rélùwéè. Bàbá Tápà kan jókòó lábẹ́ dongoyárò, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé tí ojú yín fi le báyìí?" Yorùbá Ìlọrin ló fi bá wa sọ̀rọ̀, kedere. A rojọ́ fún un. Kò sọ nǹkan kan sí i, ó dìde, ó ní ká máa bọ̀.

Ọdún 1909 ni irin dé Jẹ́bà, Bàbá ní, ṣùgbọ́n 1916 ni afárá tó parí. Láàárín ìgbà náà, ọkọ̀ omi ni wọ́n fi ń gbé wágùnnù sọdá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí irin méjì ti pàdé, ó fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, ó fẹ́ kì í bọ àlàfo àárín wọn. Kò wọlé. "Ẹ padà wá ní kùtùkùtù, wẹ́rẹ́ ló máa wọlé. Oòrùn ló ń mú irin wú. Tí a ò bá fi àyè yìí sílẹ̀, irin á ká kò, ọkọ̀ á sì ṣubú." Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé orí ìdè irin kan lára afárá, ó tóbi bí orógbó, ó gbóná janjan, ọ̀dà ti ń ṣí lára rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ó mọ ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ pákó abẹ́ irin, ó mọ ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí ogójì ẹgbẹ̀rún mọ́.

Kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ó mú wa lọ bá ìyá tó ń ta ẹja díndín, ó bá wa ná an, ó sì bá wa yan èyí tó tutù yọ̀yọ̀ kí wọ́n tó dín in.

Ilé ìtura tí a sùn kò ní iná lóru, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì mọ́, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ sì bá wa gbé omi gbóná wá láìjẹ́ pé a béèrè. Ọ̀nà Ìlọrin kò dára. Ẹ tètè gbéra. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó rí ọkọ̀ àti jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún Jẹ́bà. Mo ṣì ń béèrè owó mi.