Ọṣẹ àfọwọ́ṣe: ti àgbọn, ti òrí àbí ti ólífì, èwo lẹ fẹ́ rà?

Ẹ má wo iwájú páálí ọṣẹ, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Mo ra ọ̀kan nígbà kan tí wọ́n kọ "oyin àti lẹ́mọ̀nù" gàdàgbà sí lára, àfi ìgbà tí mo yí i sẹ́yìn tí mo rí i pé òróró àgbọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú ẹ̀ tán. Ọjọ́ kẹta, ojúgun mi ti funfun bíi pé mo fi ẹfun kùn ún, ojú mi náà ń fà.

Òróró, omi àti kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọṣẹ gidi tó ń dì. Tí sódà bá ti pàdé òróró, wọ́n á di ọṣẹ àti gílísírìn, gílísírìn yìí ló máa ń fa omi mọ́ awọ ara. Tí wọ́n bá wọn nǹkan wọn dáadáa, sódà ò ní ṣẹ́ kù rárá, kódà àwọn tó mọṣẹ́ máa ń jẹ́ kí òróró fi bí ìdá 5 nínú 100 lé kí ọṣẹ má bàa le jù fún ara. Torí náà òróró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe òdòdó tí wọ́n wọ́n sórí ẹ̀.

Ẹ wá gbé ti àgbọn àti ti òrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti àgbọn ń hó yèè, ó ń fọ òógùn àti ọ̀rá kúrò pátápátá, ẹni tí ojú ẹ̀ máa ń dán fún ọ̀rá á gbádùn ẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé kò mọ ibi tó yẹ kó dúró, ọ̀rá tí ara nílò náà á bá a lọ. Ti òrí ò hó tó yẹn, àmọ́ nǹkan kan wà nínú òrí tí sódà ò lè sọ di ọṣẹ, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òróró lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó rọ ara lọ́rùn. Tó bá jẹ́ awọ gbígbẹ ni tiyín, òrí ni mo máa ní kẹ́ ẹ mú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i ní ìsàlẹ̀ pátápátá lórí lébẹ́ẹ̀lì, ìpolówó lásán nìyẹn jare.

Ólífì tutù lára gan-an. Ìhó ẹ̀ kéré, ó sì máa ń yọ̀ bí omi ìgbín, ìyẹn ò bá gbogbo èèyàn lára mu. Ọṣẹ tí wọn ò sè máa ń gbẹ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ti ólífì nìkan lè gbà tó oṣù 6 kó tó dáa. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, tó bá ń wọlé, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àwọn àfikún ńkọ́? Oyin ń jẹ́ kó hó sí i, torí ṣúgà inú ẹ̀ ni. Omi lẹ́mọ̀nù, sódà ti pa kíkan ẹ̀, kò lè mú ara yín mọ́lẹ̀. Èédú rẹwà, ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ò sí pé ó ń fa ìdọ̀tí jáde. Ata ilẹ̀ pupa ba tówẹ̀lì funfun mi jẹ́, mi ò rí nǹkan míì tó ṣe. Ọ́ọ̀tì tí wọ́n lọ̀ kúnná nìkan ni mo gbà gbọ́, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kà á mọ́ ohun tó ń dáàbò bo awọ ara ní 2003, ó dáa fún ara tó ń yún, bó tiẹ̀ jẹ́ pé nínú ọṣẹ tẹ́ ẹ máa ṣàn kúrò, agbára ẹ̀ ò ní tó ti ìpara.

Ẹ ṣọ́ra fún òróró olóòórùn, láti ara ewé ló ti wá lóòótọ́ àmọ́ ó ń mú ara àwọn kan yún, ti ọmọdé kó má ní òórùn rárá. Ẹni tó bá sì ní pH (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan sí, bó bá ṣe ń lọ sókè ni kíkan ẹ̀ ń dín kù) ọṣẹ gidi tòun jẹ́ 5.5, ẹ rìn síwájú, 9 sí 10 ni ọṣẹ máa ń wà.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, orí nǹkan tó nihò ni kẹ́ ẹ gbé e sí kómi lè máa ro kúrò, tó bá jókòó sínú omi, ọ̀sẹ̀ kan péré á ti yọ́ tán.