Odò Tí Wọ́n Fi Pe Òwu: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan láti Ìlọrin sí Ẹ̀sìẹ́ àti Òwu

Ọmọdékùnrin kan tó ru kẹ́ẹ̀gì omi ló mú kí n jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Àwa mẹ́rìnlá la dúró létí odò kan tí kò jìnnà sí títì, à ń ya fọ́tò, aṣáájú ìrìn-àjò wa sì ń sọ fún wa pé ibi tó rẹwà jù lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Kwara la dé yìí. Ọmọ náà kí wa kú ìrìn, ó sì bèèrè ibi tí à ń lọ. Ìyàwó mi dá a lóhùn pé a ti dé ibi tí à ń lọ, Òwu, omi tó ń já láti orí àpáta gíga, la wá wò. Ọmọ náà wo odò, ó wo ojú wa, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àgbà, ó ní: "Mọ́mì, èyí kọ́ ni Òwu. Ibí ni a ti ń fọ aṣọ."

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó kó wa lọ, nítorí mo ti ṣèlérí fún ọmọkùnrin tó ṣáájú wa pé n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Àbújá ló san owó náà fún èmi àti ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì mi, ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n náírà (₦28,000) fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀, oúnjẹ àti owó ìwọlé ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára àwòrán ìpolówó wọn ni pé ibẹ̀ ni ibi tó rẹwà jù lọ tí a ó dé láyé wa. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè gbà wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti gun àtẹ̀gùn òkè Ìdàńrè, èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ 667, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí mo ń kà dàrú mọ́ mi lójú kí n tó dé ìdajì. Mo ti wẹsẹ̀ nínú omi Ọlúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà. Mo sì ti dúró lórí àgbàlá Mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà láàárọ̀, nígbà tí àwọn agboòrùn ńlá tó tó 250 ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bí òdòdó, n kò sì rò pé ohun kan tún wà tí ojú mi lè rí tí yóò ju ìyẹn lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ Ìgbómìnà ni ìyá tó bí mi, ó sì máa ń sọ fún wa ní kékeré pé etí ló ń kọ́kọ́ dé Òwu kí ojú tó dé ibẹ̀.

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ní kí a péjọ sí Post Office. A dé ibẹ̀ ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì gbéra, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀mẹ́rin pé ọkọ̀ ti ń bọ̀, tí ó ti kọjá Gàá Àkànbí, tí ó ti dé Gàá Àkànbí, tí ó sì tún ti ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n fi èyí fa ọ̀rọ̀ gùn, torí ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ rí ní Nàìjíríà ti mọ irú rẹ̀. Aṣáájú wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà, tó so fèrè mọ́ ọrùn, tí ó sì ń pe gbogbo àgbà inú ọkọ̀ ní Dádì àti Mọ́mì. Awakọ̀ jẹ́ àgbàlagbà kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn tí a kọjá Gánmọ̀ ó dúró fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, kí àwọn obìnrin lè ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní tó wà létí títì. Ohun rere àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fún wa nìyẹn, kò sì sí nínú ohun tí a sanwó fún.

Ní Ẹ̀sìẹ́, inú mi dùn. Ìyá kan tó ń mú àlejò yíká ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kò sáré fún wa rárá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, ní ọdún 1945, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn jẹ́ irú èyí tó rọ̀, tó sì máa ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ bí ọṣẹ, ìdí sì nìyí tí ẹni tó gbẹ́ wọn fi lè fi ọnà sí irun orí tó dì gogoro àti ilà tó wà lójú wọn. Mo dúró pẹ́ níwájú obìnrin kan tó jókòó lórí àpótí, tó di àdá mú, tí ó wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Púpọ̀ nínú wọn ni orí wọn ti gé kúrò. Ìyá náà sọ fún wa pé ìtàn ìlú ni pé àlejò ni wọ́n, wọ́n wá sí ìlú pẹ̀lú èrò búburú, wọ́n sì di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí; ṣùgbọ́n ó tún fi kún un, láìfi ohunkóhun pamọ́, pé àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò sọ pé baba ńlá àwọn ló gbẹ́ wọn, wọ́n bá wọn níbẹ̀ ni. Ọdún 1933 ni òyìnbó kan tó ń bẹ ilé-ìwé wò kọ̀wé nípa wọn tí ayé fi gbọ́. Mo fẹ́ràn pé ó sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún wa, ó sì fi èyí tí wọn kò mọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Wákàtí kan àti àbọ̀ la lò níbẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni ìrìn-àjò náà parí sí, ìràwọ̀ márùn-ún pérépéré ni ǹ bá fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìrẹsì dé. Òmù-Àrán la ti jẹ ẹ́, nínú ike funfun, ó sì ti tutù bí omi àmù. Mo wá ẹran inú rẹ̀ títí, n kò rí i. Mo pe aṣáájú wa. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó fi ṣíbí tú u sọ́tùn-ún sósì, ó wá ní: "Dádì, ẹran wà nínú rẹ̀, ó fara pamọ́ ni." Ẹran tó fara pamọ́ yẹn kò tíì jáde títí di òní.

Nígbà tó fi máa di aago méjì kọjá díẹ̀, bọ́ọ̀sì dúró létí odò tí mo ti sọ ṣáájú. Omi náà mọ́, kò burú. Ó ń ṣàn lórí àwọn òkúta kan tí kò ga ju àyà mi lọ. Aṣáájú wa fun fèrè, ó ní ogún ìṣẹ́jú la ní. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, níbo ni òkè rẹ̀ wà?" Ó ní òjò ló bò ó mọ́lẹ̀. Mo tún bi í pé báwo ni òjò ṣe ń bo òkè mọ́lẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn tí ọmọ oníkẹ́ẹ̀gì fi dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni n kò lè gbàgbé. Aṣáájú wa ní ọmọdé lásán ni, kò mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ náà kò jiyàn, ó kàn na ọwọ́ sí ìhà igbó, ó ní Òwu wà lọ́hùn-ún, ọ̀nà Òwá-Kájọlà ni wọ́n ń gbà. Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Arákùnrin kan tó wá láti Ìbàdàn ní kí wọ́n dá owó òun padà lójú ẹsẹ̀. Aṣáájú wa bá pe ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì tẹ ibi tí ohùn fi ń jáde síta láìmọ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ohùn obìnrin náà ketekete: "Mo ti sọ fún ẹ pé ọ̀nà Òwu kò dára nígbà òjò. Jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò wọn níbẹ̀ yẹn. Àwọn oníbàárà kì í sábà mọ ìyàtọ̀."

Kò sẹ́ni tó mí. Ìyàwó mi, ẹni tí kì í bínú, ló súnmọ́ fóònù náà, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mádáàmù. Àwọn oníbàárà ń gbọ́ yín." Fóònù kú pi.

Mo ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe iṣẹ́ ìjọba, mo sì mọ irọ́ nígbà tí mo bá rí i, ṣùgbọ́n irọ́ tí ẹnìkan ń pa nítorí pé ó dá a lójú pé òmùgọ̀ ni ọ́, oró rẹ̀ yàtọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí aṣáájú wa. Mo ní ká ní èmi ni baba rẹ̀, ojú ì bá tì mí. Mo kábàámọ̀ gbólóhùn yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Awakọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ ló yanjú rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wẹ ojú rẹ̀ nínú odò náà, ó ní: "Mo mọ ọ̀nà. Mo gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ nígbà kan. Ẹ wọlé." Ọ̀gá rẹ̀ kò fún un láṣẹ, kò sì sẹ́ni tó fún un ní owó epo. Ọ̀nà náà burú ní tòótọ́, ẹrẹ̀ pupa ni, a sì bọ́ sílẹ̀ ti bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí ọkọ̀ kò lè kọjá mọ́ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Sálúbàtà ìyàwó mi já sí ẹrẹ̀, ọwọ́ ló fi gbé e délé.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣẹ. Etí ló kọ́kọ́ débẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ àjàgbé ló ń bọ̀ lẹ́yìn wa, lẹ́yìn náà mo rò pé òjò ló ń bọ̀ lórí ewé. Atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí wa láàárín igi, ó sì lómi nínú. Nígbà tí igbó ṣí, n kò rí ibi tí omi náà ti bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí mo dá orí sẹ́yìn tí fìlà mi jábọ́. Nǹkan bí 120 mítà ni wọ́n sábà máa ń kọ pé ó ga. Iye yẹn kò sọ nǹkan kan. Àpáta dúdú ni ó dúró bí ògiri, omi náà kò sì já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí mo ṣe rò. Ó ń kọlu àpáta, ó ń fọ́ sí funfun, ó ń kó ara rẹ̀ jọ, ó tún ń fọ́, títí tó fi dé inú adágún ìsàlẹ̀, tí ìkùukùu omi sì ń gòkè padà láti ibẹ̀. Òṣùmàrè kékeré kan wà nínú ìkùukùu náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí oòrùn ṣe ń yọjú. Omi adágún náà tutù débi pé ó ro mí ní eegun ẹsẹ̀. Ibẹ̀ la ti ṣe àlùwàlá, a sì kí ìrun àlàásárì lórí àpáta, n kò sì gbọ́ ohùn ara mi nígbà tí mo ń ké kábárà. Ọ̀rọ̀ Mẹ̀dínà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, n kò fi í wé ohunkóhun. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ibi yòókù tí mo ti dé, kò sí èyí tó tó èyí. Wọn kò parọ́ lórí àwòrán ìpolówó wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti wẹ̀yìn, tí mo rí aṣáájú wa. Ó jókòó lórí òkúta, fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo lọ bá a. Kò wo ojú mi. Ó ní: "Dádì, n kò rí i rí." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ló júwe odò yẹn fún un pé Òwu nìyẹn, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ọmọ Ìlọrin ni, ẹnikẹ́ni kò mú un débẹ̀ rí. Ìrìn-àjò karùn-ún tó ti ṣáájú nìyẹn. Ó ń ronú nípa àwọn mẹ́rin ìṣáájú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀, mo gbé e dìde, ìgbà yẹn ni mo ṣe ìlérí orúkọ. Kò fun fèrè mọ́ ní ọjọ́ náà. Àwa ni a sọ fún un pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

A dé Ìlọrin lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Ní ọjọ́ kejì mo pe ọ́fíìsì wọn nígbà mẹ́ta. Ní ìgbà kẹta, mádáàmù gbé e fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀ mí lọ́nà kan tó jọ pé ó ń ka ẹ̀bẹ̀ náà látinú ìwé. Nígbà tí mo béèrè owó padà, ó ní: "Alhaji, ṣebí ẹ padà rí Òwu náà?" Mo ní awakọ̀ yín ló mú wa débẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ó ní awakọ̀ àwọn, àwọn náà ni. N kò rí èsì fún un, ìyẹn sì ń dùn mí. Mo ní kí ó kéré tán san owó epo tí awakọ̀ lò, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, torí mo pe awakọ̀ láti wádìí. Aṣáájú wa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti ń kọ ọ́ sí ìpolówó tuntun báyìí pé ẹsẹ̀ ni a ó fi rin apá tó kẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi náà máa ń dín kù gan-an. Kó béèrè ṣáájú bóyá awakọ̀ àgbàlagbà yẹn ló máa wa ọkọ̀. Kó sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìrẹsì ni mo yọ ọ̀kan fún.