Irinṣẹ́ tí mo fi ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì nílé: èyí tó yẹ ní rírà àti èyí tí ẹ lè fi sílẹ̀

Bí owó yín kò bá ká ju irinṣẹ́ méjì lọ, ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gì olóòfà (irin oníhò tó ń gba orí púlọ́ọ̀gì, tó ní òòfà nínú), kí ẹ sì ra sípánà oníwọ̀n, èyí tó máa ń dún kẹ́ bí agbára tí ẹ fi ń fún nǹkan bá ti tó iye tí ẹ yàn sórí rẹ̀. Àwọn tó kù ṣeé yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo ti lo oríṣiríṣi lórí ọkọ̀ wa onísílíńdà mẹ́rin àti lórí ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko, ibi tí mo sì fàbọ̀ sí nìyẹn.

Ẹ má tíì ra ohunkóhun títí ẹ ó fi mọ ìwọ̀n orí púlọ́ọ̀gì yín. 16 mm àti 21 mm ló wọ́pọ̀ jù. Ọkọ̀ ìgbàlódé sábà máa ń lo 16. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kéékèèké a máa lo 21. Àmọ́ àwọn BMW, Mini àti Nissan kan wà tó jẹ́ 14 mm ni tiwọn, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ní igun méjìlá nínú, tí ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 14 tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ gbogbo èèyàn nípọn jù, kì í lè wọ ihò tí púlọ́ọ̀gì wà nínú rẹ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ni mo kọ́kọ́ lò, n kò sì ní padà sí i mọ́. Rọ́bà inú rẹ̀ ló ń di ara funfun púlọ́ọ̀gì mú. Nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ó ń dì í mú jù: bí mo bá ti fún púlọ́ọ̀gì tán, tí mo fa irin gígùn tó so mọ́ ọn sókè, irin nìkan ló ń bọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì á jókòó sísàlẹ̀ ihò, ibi tí ìka kò dé. Nígbà tí ọ́ìlì wá rin rọ́bà náà, kò dì í mú mọ́ rárá, púlọ́ọ̀gì á kàn yọ̀ bọ́. Olóòfà kò ní wàhálà méjèèjì. Irin púlọ́ọ̀gì ló ń fà mọ́ra, ó ń gbé e sókè láìmì, ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ óò máa ṣe ni kí ẹ nu inú rẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, torí gbogbo èérún irin ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ríi pé ó dúró ṣánṣán lórí púlọ́ọ̀gì. Bó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tánganran ara púlọ́ọ̀gì lè sán, ẹ sì lè má rí i lójú.

Ní ti sípánà oníwọ̀n, èyí ńlá tí wọ́n fi ń fún nọ́ọ̀tì táyà kò wúlò níbí, torí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ti ga jù. Ẹ wá kékeré tó bẹ̀rẹ̀ láti 5 tàbí 10 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń fún nǹkan). Púlọ́ọ̀gì tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ (ibi tó ń yí wọlé, kì í ṣe orí rẹ̀) jẹ́ 14 mm, tó sì ní wọ́ṣà, máa ń fẹ́ bíi 25 sí 30 Nm nínú orí ẹ́ńjìnì alumíníọ̀mù. Èyí tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 12 mm ń fẹ́ 15 sí 20. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ iye mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí ẹ tó kó o pamọ́, ẹ dá ìwọ̀n rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí sípíríǹgì inú rẹ̀ lè sinmi. Ẹni tí kò ní i lè fi ọwọ́ yí púlọ́ọ̀gì tuntun títí yóò fi kan ilẹ̀, kó wá fi sípánà kún un ní ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àyípo kan. Ìyẹn fún oníwọ́ṣà tuntun nìkan. Èyí tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó kò ní wọ́ṣà, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún àyípo ti tó o.

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù kò wá láti inú àpótí kankan. Ègé rọ́bà tí epo bẹntiróòlù ń gbà kọjá ni, tó gùn díẹ̀ ju ihò lọ. Mo máa ń ki orí púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, mo á sọ ọ́ kalẹ̀, mo á kọ́kọ́ yí i sọ́wọ́ òsì títí yóò fi jìn díẹ̀ sínú tírẹ́ẹ̀dì, kí n tó yí i sọ́wọ́ ọ̀tún. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ń wọ ara wọn gbòdì, rọ́bà á yọ̀ lórí púlọ́ọ̀gì, kò ní lágbára láti ba orí ẹ́ńjìnì jẹ́. Sípánà kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì alumíníọ̀mù tó bá ti jẹ, iṣẹ́ ńlá ni àtúnṣe rẹ̀.

Nígbà títú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Ẹ yí kọ́ìlì (èyí tó jókòó lórí púlọ́ọ̀gì, tó ń fún un ní iná) díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó fà á gbọọrọ sókè, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò kí púlọ́ọ̀gì tó kúrò, torí iyanrìn tó bá wà níbẹ̀ inú sílíńdà ni yóò já sí. Bó bá le, ẹ fi epo atúpata sí i, ẹ dúró, kí ẹ wá máa yí i lọ yí i bọ̀. Ẹ to àwọn àlòkù náà bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnì: àwọ̀ búráùn tí kò ṣókùnkùn dára, dúdú gbígbẹ túmọ̀ sí pé epo ń pọ̀ jù, èyí tí ọ́ìlì bò ń sọ fún yín pé ọ́ìlì ń wọ sílíńdà yẹn.

Gírísì tí àwọn kan máa ń fi pa tírẹ́ẹ̀dì, n kì í lò ó. NGK, iléeṣẹ́ tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì, fúnra wọn sọ pé ẹ má fi sí púlọ́ọ̀gì wọn tí irin dídán bò, torí ó ń mú kí a fún un ju bó ṣe yẹ lọ láìmọ̀. Géèjì oníkọ́ìnì tí wọ́n ń fi wọn àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì náà kò yẹ fún púlọ́ọ̀gì tí wọ́n fi irin iridium ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín jù, ó lè kán. Oníwáyà ni kí ẹ lò. Èyí tó bá sì já bọ́ lulẹ̀, ẹ má dá a padà.

Ẹ tẹ kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti wọlé dópin. Bí ẹ́ńjìnì bá ń gbọ̀n lẹ́yìn tí ẹ tan án, kọ́ìlì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó tún tú púlọ́ọ̀gì kankan.