Wáyà fàdákà 999 pẹlẹbẹ fún títẹ̀ sínú igi: ó dáa, àmọ́ ẹ fi iná mú un rọ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ fàdákà sínú igi, 999 (ìyẹn fàdákà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan) ni kó rà, kó fi 925 (fàdákà tí wọ́n da nǹkan míì pọ̀ mọ́) sílẹ̀ fáwọn tó ń ṣe òrùka. Mo ti lo méjèèjì lára èèkù ìrùkẹ̀rẹ̀ àti ọ̀pá ìtilẹ̀ táwọn olóyè máa ń ní ká bá wọn ṣe, wáyà tí mò ń lò báyìí ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ torí àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá.

Pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ tó mìlímítà 1, ó nípọn tó 0.3, wọ́n ká a mọ́ rílì kékeré, wọ́n wá kọ "dead soft" sára ẹ̀, ìyẹn ni pé ó rọ̀ pátápátá. Pípẹlẹbẹ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n rà á. Wáyà róbótó náà ṣeé lò o, àmọ́ ẹ máa gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, tó bá sì ti gba inú ẹ̀rọ kọjá ó ti le nìyẹn, ẹ tún máa fi iná mú un rọ̀ ni, owó lórí owó. Tó bá jẹ́ gauge, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó, lẹni tó ń tà á ń pè, ẹ rántí pé bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni wáyà ń tín-ín-rín sí i: 28 jẹ́ bíi mìlímítà 0.32, 30 jẹ́ bíi 0.25.

Ìdí tí mo fi ní 999 ni pé nínú 925, bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìdá 7.5 tó kù nínú ọgọ́rùn-ún, bàbà yẹn ló sì ń mú un le. Ó dáa fún òrùka torí òrùka ò gbọ́dọ̀ wọ́. Àmọ́ wáyà tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ́ bí ìkarahun ìgbín lórí igi, tó bá le ṣe ló máa ń ta padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, ó fò jáde lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti họ etí igi. 999 ò ní dán irú ẹ̀ wò, ibi tẹ́ ẹ bá fi í sí ló máa jókòó sí. Ó fi díẹ̀ wọ́n ju 925 lọ lóòótọ́, àmọ́ wáyà tó tín-ín-rín báyìí, mélòó ló máa gbé lórí ìwọ̀n?

Ẹjọ́ kan tí mo ní ni "dead soft" tí wọ́n kọ yẹn. Ó lè rọ̀ nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́, àmọ́ kíká tí wọ́n ká a, nínà tẹ́ ẹ máa nà án, gbogbo títẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún yẹn ló ń mú un le padà. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí: màá ká a kó kéré, màá fi ẹnu ẹ̀ wé e lára kó má ta síta, torí ẹnu tó ta síta ló máa kọ́kọ́ yọ́. Màá fi máákà dúdú fa ìlà sí i lára, màá gbé e sórí bíríkì, màá wá pa gílóòbù kí yàrá ṣú díẹ̀, nínú oòrùn ẹ ò ní rí bó ṣe ń pọ́n. Iná gáàsì kékeré náà ti tó, kí iná yẹn fẹ̀ kó sì rọ̀, kì í ṣe ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń hó, kẹ́ ẹ sì máa gbé e rìn kiri, kó má dúró lójú kan. Bí ìlà máákà bá ti ń pòórá báyìí, ẹ gbé iná kúrò kíá, ẹ jù ú sómi. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kó pọ́n yòò, 962 °C ni fàdákà ń yọ́, wáyà 0.3 ò sì ní bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣẹ́ jọ di kóró.

Iná yìí náà ló tú àṣírí oníṣòwò kan tí mo ra wáyà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣáájú, tó búra fún mi pé 999 ni. Mo gbé e síná, ó dúdú kirikiri! 999 kì í dúdú níná, funfun tó wọlé náà ló ń bá jáde, bàbà inú 925 ló máa ń dúdú. Fíníga gbígbóná àti iyọ̀ ni mo fi wẹ̀ ẹ́, owó mi ò padà sha. Tí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ gé díẹ̀ kẹ́ ẹ fi iná dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Nínú igi, wáyà yìí ò fún mi ní wàhálà. Bíléèdì ayùn irin tí mo lọ̀ ní mo fi ń gún igi, mi ò kì í gbẹ́ ẹ, kó kàn lanu díẹ̀. Màá fi sánpépà họ ẹ̀gbẹ́ wáyà torí ó ń yọ̀, màá tẹ̀ ẹ́ wọlé, màá gbá a díẹ̀díẹ̀, kí ṣóńṣó orí ẹ̀ yọ síta díẹ̀. Aṣọ tútù lé e, igi á wú, á gbá a mú, tó bá gbẹ tán fáìlì á parí ìyókù. Igi tó funfun, ẹ kọ́kọ́ fi fánísì dí ihò ara ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun fàdákà á wọnú ẹ̀, á sì di eérú. Ìrókò ní tiẹ̀, ihò ara ẹ̀ tóbi jù, ìlà tín-ín-rín kì í mọ́ lára ẹ̀.

Tí oníbàárà ò bá lówó fàdákà, idẹ náà ṣeé lò, idẹ làwọn ará Mainpuri ní Íńdíà ń tẹ̀ sínú igi sheesham látọjọ́ yìí, tarkashi ni wọ́n ń pè é, ó sì ń rẹwà gan-an. Lára irin ọ̀bẹ, ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn, ẹ máa gbẹ́ ojú ọ̀nà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, 999 róbótó lẹ máa gbá wọnú ẹ̀.

Èmi máa tún un rà. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta pẹlẹbẹ tó nípọn tó 0.4 n'Íbàdàn kó jọ̀ọ́ sọ fún mi, 0.3 ti kéré jù fún ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ mi báyìí.